Kóńgò Tí Wọn Ò Lu Ìdí Rẹ̀: Bí Mo Ṣe Ń Wọn Ètò Ìtọ́sọ́nà Ọmọ Ilé-Ìwé n'Ìbàdàn

Ní òpin ọdún àkọ́kọ́ tí a ṣe ètò ìtọ́sọ́nà nílé-ìwé wa, a se ìrẹsì. Jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹran méjì-méjì, míníràlì. Mo gba gbohùngbohùn, mo sọ fún àwọn òbí pé ètò náà ti tún ayé àwọn ọmọ wọn ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá kan, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa àtijọ́ tó ti ta aṣọ ní Gbági títí tó fi darúgbó, ni kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí èrò túká, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rí ohun tí ẹ sọ yẹn dà?"

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò rí ojú àwọn ọmọ bó ṣe ń dán ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ojú wọn náà ni mò ń wò. Ìrẹsì ni mo rí níbẹ̀."

Ìṣirò ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ojú tì mí lóru ọjọ́ náà. Èmi tí mo máa ń fagi lé ìdáhùn ọmọ tí kò bá fi ọ̀nà tó gbà rí i hàn, èmi náà ni mo dìde tí mo kàn pe ìdáhùn láìṣírò nǹkan kan. A ti gba àwọn ọmọ ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta báyìí. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú rẹ̀: ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, àgùnbánirọ̀, ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí, ẹnikẹ́ni tó ń kó àgbàlagbà wá jókòó ti ọmọ ilé-ìwé.

Ètò tiwa ò tóbi. Ní gbogbo ọjọ́ Túsìdé, bí ilé-ìwé bá ti jáde, àgbàlagbà mẹ́wàá a dé, ẹnì kọ̀ọ̀kan a jókòó ti ọmọ mẹ́ta láti JSS 2. Aránṣọ kan wà nínú wọn láti Òkè-Àdó, nọ́ọ̀sì kan wà, mẹkáníìkì kan, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn méjì, àti àwọn yòókù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń kọ àfojúsùn rẹ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká gba Bódìjà kọjá. Ẹni tó mọ ọjà yẹn kì í ra gàrí kó má kọ́kọ́ yí kóńgò wò. Àwọn kan ti fi òòlù lu ìdí tiwọn wọnú; ó kún lójú, àfi ìgbà tó bá dénú àpò kéèyàn tó mọ̀ pé kò kún. Ìbéèrè tí a máa ń bi ọmọ níparí ètò, "Ǹjẹ́ ètò yìí ràn ẹ́ lọ́wọ́?", irú kóńgò yẹn gan-an ni. Ọmọ Yorùbá wo ló máa wo ojú àgbàlagbà tó ń fún un ní bísíkíìtì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó ní "Rárá, mà, ẹ ò ṣe nǹkan kan fún mi"? Ẹ̀kọ́ ilé ò ní jẹ́. Mo bi wọ́n lọ́dún àkọ́kọ́. Gbogbo wọn ló ní bẹ́ẹ̀ ni, títí kan ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ló yọjú lódindi ọdún.

Ọmọ òyìnbó náà ò yàtọ̀. Ní Massachusetts l'Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Richard Clarke Cabot dá irú ètò yìí sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1939, wọ́n parí rẹ̀ ní 1945. Ọmọkùnrin 506 ni wọ́n pín sí méjì: 253 rí ẹni tọ́ wọn sọ́nà, 253 yòókù kò rí. Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí obìnrin kan, Joan McCord, tó wá wọn rí, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó gba ìtọ́sọ́nà, tí wọ́n dá a lóhùn, ló sọ pé ó ṣe àwọn lóore. Nígbà tó wá yẹ ìwé ilé-ẹjọ́ wò, tó yẹ ti ilé-ìwòsàn àti àkọsílẹ̀ ikú wò, kò rí ibi tí wọ́n ti sàn ju ìdajì kejì lọ. Láwọn ibì kan, tiwọn ló burú jù. Mo máa ń ka ìtàn yìí fún gbogbo àgbàlagbà tuntun tó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa. Inú wọn kì í dùn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi ẹnu sílẹ̀, ká wọn ìṣe, ká sì ti wọ̀n ọ́n kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò wọn aṣọ kó tó fọ̀ ọ́, kò lè sọ bóyá ó súnkì.

Rẹ́jísítà ló rọrùn jù, ó sì ti wà nílẹ̀. Àmì méjì ló ń wọ iwájú orúkọ ọmọ lójúmọ́, ti òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa tíṣà kì í sọ níta: rẹ́jísítà wà tó jẹ́ pé ọjọ́ Fráídè ni wọ́n ń kún ti gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò lè bú ẹni tó ń ṣe é, kíláàsì ọmọ ọgọ́rin kì í ṣe eré. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo yan ọjọ́ mẹ́fà nínú sáà, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo wọ kíláàsì náà ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, mo ka orí. Mo wá fi iye tí mo kà wé rẹ́jísítà ọjọ́ náà. Bí méjèèjì bá bára mu, mo lè gbára lé e. Bí wọn ò bá bára mu, mo yíjú sí ìwé àwọn tó pẹ́ dé, tó wà lọ́wọ́ tíṣà tó ń ṣọ́ ẹnu géètì. Ìwé yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ parọ́, torí ọmọ ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ kíkà yín ní ìbẹ̀rẹ̀ September o. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé, ọ̀pọ̀ ọmọ ò tíì dé. Ẹnìkan ṣì wà lóko lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ẹnìkan ń dúró de bàtà. Bí ẹ bá kà á nígbà yẹn, October nìkan á sọ yín di akọni. Ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Máàkì ìdánwò ló mú orí mi gbóná jù. CA, máàkì ìdánwò kéékèèké inú sáà, kì í dúró sójú kan. Tíṣà kan a fún gbogbo kíláàsì ní 25 nínú 30. Ẹlòmíràn ò jẹ́ fún ọmọ kankan ju 18 lọ. Bí wọ́n bá gbé tíṣà kan lọ síbòmíràn láàárín ọdún, ẹ ó rò pé ọpọlọ àwọn ọmọ ló yí padà. Mo ṣe ìdánwò tèmi, ìbéèrè ogún, oríṣi méjì tí líle wọn bára dọ́gba. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì àwọn ọmọ ṣe ti àkọ́kọ́, ìdajì ṣe èkejì. Níparí ọdún, wọ́n gba ti ara wọn. Báyìí, kò sí ọmọ tó rí ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí pé ìwé kan rọrùn ju èkejì lọ kó wá máa tàn mí. Inú àpótí aṣọ mi nílé ni ìwé náà ń sùn. Ẹni tó mọ ilé-ìwé mọ ìdí rẹ̀.

Àfojúsùn ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ló sì ṣì mí lọ́nà jù. Lọ́dún àkọ́kọ́, kí n tó ka ìwé kẹwàá, mo ti ka dókítà mẹ́fà, lọ́yà méjì, olórin kan. Kí Ọlọ́run ṣe é. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ wọn dókítà nínú sáà ọ̀sẹ̀ méjìlá? Edwin Locke àti Gary Latham, àwọn méjì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí, ti fi hàn pé àfojúsùn tó ṣe pàtó, tó sì le díẹ̀, ń mú èèyàn ṣiṣẹ́ ju kí wọ́n kàn ní "sa gbogbo ipá rẹ" lọ. Ìbéèrè kan ni mo wá fi kọ́ àwọn olùtọ́sọ́nà wa: "Báwo la ṣe máa mọ̀ lọ́jọ́ Fráídè?" Bí ọmọ bá kọ dókítà, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ ní kó kọ òmíràn sísàlẹ̀ rẹ̀. Dókítà ọmọ kan wá di "màá ṣe àṣetiléwá sáyẹ́ǹsì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, màá sì fi han tíṣà kí wọ́n fọwọ́ sí i." Ìyẹn ṣeé kà.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí mo jìn sí. Mo sọ pé ẹni tó bá ṣe àfojúsùn rẹ̀ pé a gba ẹ̀bùn. Sáà kejì, ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé òun á máa mú bírò wá sílé-ìwé lójoojúmọ́. Ó mú un wá. Ó gba ẹ̀bùn. Ọmọbìnrin kan tó jókòó ní bẹ́ńṣì kan náà kọ ọ́ pé òun á kúrò ní 31 dé 50 nínú ìṣirò. Ó ṣe é dé 46. Nínú ìwé mi, mo kọ "kò ṣe é" síwájú orúkọ rẹ̀. Mo ka ìwé náà lálẹ́, mo rí i pé òṣùwọ̀n mi ń yin ẹni tó mú bírò, ó ń dá ẹni tó gun òkè lẹ́bi. Láti ọjọ́ náà, n kì í ka iye àfojúsùn tó ṣẹ mọ́. Ibi tí ọmọ ti gbéra àti ibi tó dé ni mò ń kọ. Ẹ̀bùn sì ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Bísíkíìtì nìkan ló kù, gbogbo wọn ló sì ń jẹ ẹ́.

Ó kan ibi tó le jù. Ká ní gbogbo nǹkan sàn sí i lóòótọ́: ta ló ní kì í ṣe pé ì bá sàn láìsí wa?

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo ní kí àwọn tíṣà yan àwọn tó burú jù fún mi, àwọn tí máàkì wọn kéré jù. Nígbà tí sáà parí, púpọ̀ nínú wọn ti gbéra. Mo dúpẹ́, mo se ìrẹsì tí mo sọ yẹn. Àmọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga, ibo ló kù tó lè lọ bí kò ṣe òkè? Nínú àwọn ọmọ tó gba 12 lọ́jọ́ kan, ibà ń ṣe ẹnìkan lọ́jọ́ yẹn, ìyá ẹnìkan wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́, ẹnìkan ò rí oorun sùn. Ẹ fún wọn ní ìdánwò míì lóṣù tó ń bọ̀ láìṣe ohunkóhun, wọ́n á gòkè díẹ̀. Bákan náà ni àwọn tó gba 95 á sọ̀ díẹ̀.

Ọ̀nà tí mo gbà jáde nínú rẹ̀ ni gègé. Àwọn tó fẹ́ wọlé lọ́dún kejì jẹ́ ọgọ́ta, àyè ọgbọ̀n ló wà. A pe àwọn òbí, a kọ orúkọ ọgọ́ta sínú bébà kéékèèké, a ká a, a dà á sínú ìkòkò, a ní kí ọmọ JSS 1 kan mú ọgbọ̀n jáde lójú gbogbo ayé. Ó gbà mí lọ́wọ́ wàhálà mìíràn pẹ̀lú, torí n'Ìbàdàn níbí, bí mo bá fọwọ́ ara mi yan ọgbọ̀n ọmọ, wọ́n á ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló pọ̀ nínú wọn. Àwọn ọgbọ̀n tí gègé ò mú mọ̀ pé ọdún tó ń bọ̀ ni tiwọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka àwọn náà: rẹ́jísítà wọn, ìwé ẹni tó pẹ́, ìdánwò mi. Àwọn méjì nínú wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn tó wọlé, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ. Kò sí bí mo ṣe lè dá ìyẹn dúró, mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ẹ wo ìdí tí àwọn tí kò wọlé fi ṣe pàtàkì. Sáà kẹta bọ́ sínú òjò. Ìbàdàn tó mọ ohun tí odò Ògùnpa ṣe nígbà tó ya bo ìlú ní 1980 kì í fi ojú ọ̀run dúdú ṣeré. Ìyá tó bá rí i á ní kí ọmọ dúró sílé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ní sáà kejì, ọmọ inú ètò ń pa ọjọ́ mẹ́fà jẹ ní ìpíndọ́gba, ti ìta náà mẹ́fà. Ní sáà kẹta, ti inú ètò di mẹ́jọ. Ẹni tó bá ń wo tirẹ̀ nìkan á káwọ́ lérí pé ètò ti bàjẹ́. Ti ìta ńkọ́? Ó di mọ́kànlá. Òjò bá gbogbo wọn jà, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni tiwa fi dín sí ti ìta. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni iṣẹ́ wa. Ó lè yí padà sí wa pẹ̀lú: nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan bá parí, gbogbo ilé-ìwé ló ń tètè dé, ẹ má gbà á mọ́ yín lọ́wọ́.

Ǹjẹ́ ọjọ́ mẹ́ta yẹn kì í ṣe oríire lásán? Ọmọ ọgbọ̀n ò pọ̀. Èyí ni mo fi kọ́ àwọn SS 2 ní ìṣirò lọ́sẹ̀ kan, wọ́n gbádùn rẹ̀ ju ìwé lọ. A kọ iye ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́ta pa jẹ sára bébà, láìkọ orúkọ, láìkọ ẹgbẹ́. A pò ó pọ̀ nínú abọ́. A mú ọgbọ̀n, a ṣírò ìpíndọ́gba rẹ̀, a ṣírò ti ọgbọ̀n tó kù, a yọ ọ̀kan nínú èkejì. A dà á padà, a tún pò ó. Kíláàsì pín ara wọn, wọ́n ṣe é ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Bí abọ́ nìkan, tí kò mọ ẹni tó gba ìtọ́sọ́nà, bá ń bí ìyàtọ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní ogún ìgbà nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. Bí kò bá bí i ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ á máa lọ. Ìyá kan kó lọ sí Ológuńẹ́rù, ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí gègé bá ti mú, inú ètò ló wà nínú òǹkà mi títí dé òpin, ì báà wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá yọ àwọn tó sá, àwọn ọmọ onísùúrù tí ì bá ṣe dáadáa bí a ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ ni ẹ ń kà.

Ẹ ka àwọn àgbàlagbà náà. Jean Grossman àti Jean Rhodes tẹ ìwádìí kan jáde ní 2002 lórí àwọn ọmọ tó ní olùtọ́sọ́nà l'Amẹ́ríkà: ibi tí ìbáṣepọ̀ ti pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni èrè ti pọ̀ jù, níbi tó ti fọ́ láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn ọmọ náà tún rẹ̀yìn nínú àwọn nǹkan kan. Nígbà tí mo gbé rẹ́jísítà síwájú àwọn olùtọ́sọ́nà wa, ẹnìkan bínú. "Tíṣà, ṣé ọmọ ilé-ìwé lẹ pè wá ni?" Mo fọkàn balẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, mo sì gbé bírò lé e lórí. Aránṣọ Òkè-Àdó ni kò pa Túsìdé kan jẹ. Àwọn tí mo rò pé wọ́n kàwé jù ló ń fi ìpè ránṣẹ́ pé àwọn wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road.

Òǹkà ò lè sọ ìdí. Ọmọbìnrin kan wà tí gbogbo ohun tó kù sàn, ṣùgbọ́n kò yé pẹ́ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdé. Olùtọ́sọ́nà rẹ̀ bi í, ó ní "kò sí nǹkan kan, mà." Mo lọ sílé wọn lágbègbè Bẹẹrẹ, mo kí ìyá rẹ̀. "Ẹ kú ọjà o, ìyá ọlọ́gì." Ó ní ọjọ́ méjèèjì yẹn ni ọmọ ń gbé ògì lọ fún àwọn oníbàárà kó tó wọ aṣọ ilé-ìwé. Àfojúsùn rẹ̀, "màá dé kí agogo tó lù", ti kùnà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan ẹni tí kì í ṣe olùtọ́sọ́nà ọmọ náà láti bi í ní irú ìbéèrè yìí, ọmọ kì í fẹ́ já olóore rẹ̀ kulẹ̀.

Ti àṣírí: nọ́ńbà ni ọmọ ń jẹ́ nínú gbogbo ìwé mi, ojú ewé kan ṣoṣo tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ẹ gba ìyọ̀ǹda prínsípà, kí òbí náà buwọ́ lùwé; òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni béèrè ìyọ̀ǹda òbí fún ọmọdé.

Ẹ tún padà lọ kà wọ́n lẹ́yìn tí ètò bá parí. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 tọpa ọmọ 1,139 nínú irú ètò inú ilé-ìwé báyìí l'Amẹ́ríkà. Lópin ọdún àkọ́kọ́, iṣẹ́ ilé-ìwé wọn dára sí i. Ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn ò yí padà. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò lọ́dún kejì, ọ̀pọ̀ nínú èrè náà ti pòórá. Èmi náà ń tẹ̀ lé àwọn tèmi dé SS 1.

Lópin ọdún kejì, ojú ewé kan ni mo kọ. Mo kọ ọ́ pé àwọn ọmọ wa dín pípẹ́ dé kù ju àwọn tí gègé ò mú lọ, pé abọ́ àwọn SS 2 ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé nínú ìṣirò, ẹ̀kọ́ èmi fúnra mi, a ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo ń kọ ìyẹn. Mo gbé e fún Bàbá Gbági kí wọ́n tó bu ìrẹsì. Wọ́n wọ jígí wọn, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n tún padà sókè.

"Àwọn ọgbọ̀n tí kò wọlé yìí," wọ́n ní, "wọ́n wà níbí lónìí?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. A ò pè wọ́n."

"Ẹ pè wọ́n. Ẹ bu tiwọn náà."